Ìkìlọ̀ Ìmìtìtì Ilẹ̀: Èwo Ló Yá Jù, Èwo Ló Ṣeé Gbọ́kàn Lé? Ìfiwéra fún Ará Abẹ́òkúta

Ìdájí ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 ni ilẹ̀ mì ní Abẹ́òkúta àti káàkiri àgbègbè rẹ̀. Ti Ìjẹ̀bú-Òde ti ṣáájú rẹ̀ lọ́dún 1984. Méjèèjì kò tóbi tó èyí tí í wólé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ìkìlọ̀ kankan gbà ṣáájú èyíkéyìí nínú wọn. Títí di ìsinsìnyí, Nàìjíríà kò ní ètò ìkìlọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ fún ará ìlú. Àwọn ibùdó tó ń ṣàkọsílẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń mì wà, Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi sì ni olú ibùdó wọn, àmọ́ àkọsílẹ̀ yàtọ̀ sí ìkìlọ̀. Àkọsílẹ̀ ń sọ ohun tó ti kọjá. Ìkìlọ̀ ní láti sáré ju ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Ta wá ni ìfiwéra yìí wà fún? Ó wà fún ará Abẹ́òkúta tó ń kó lọ sí Tokyo tàbí Los Angeles, fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní Istanbul, àti fún ẹni tó rí ẹ̀rọ kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ó ń mọ̀ kí ilẹ̀ tó mì, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá owó òun kò ní ṣòfò. Ọ̀nà márùn-ún la ó gbé yẹ̀ wò: ti Japan, ti Mexico, ti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ti Google lórí fóònù Android, àti ẹ̀rọ tí a ń kàn mọ́ ògiri. Gbogbo ẹni tó ń polówó wọn ló ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá fún yín. Iye yẹn kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ béèrè bí ibi tẹ́ ẹ ń sùn ṣe jìnnà tó sí ibi tí ilẹ̀ ti ń là, ẹ sì béèrè ohun tí ètò náà ṣe lọ́jọ́ tí ìmìtìtì ńlá dé lóòótọ́.

Bí ìkìlọ̀ ṣe ń ṣáájú ilẹ̀

Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń sọ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ti ń mì níbì kan kí wọ́n tó mọ̀. Nígbà tí àpáta inú ilẹ̀ bá là, oríṣi ìgbì méjì ló ń jáde níbẹ̀. Ìgbì P ló ń yára jù, nǹkan bíi 6 km ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í sábà ba nǹkan jẹ́, ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá lẹ́bàá ilé. Ìgbì S ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan bíi 3.5 km ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ló sì ń ti ilé síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ti ka àáyá láàárín mànàmáná àti àrá rí ti mọ ọgbọ́n rẹ̀: ẹ fi 8 sọ iye àáyá tó wà láàárín P àti S di púpọ̀, ẹ ó rí iye kìlómítà tó wà láàárín yín àti ibi tí ilẹ̀ ti là.

Ẹ̀rọ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ló ń kọ́kọ́ gbọ́ P. Á fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á ṣírò ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó, ìkìlọ̀ á wá gbéra lọ sórí fóònù. Àtagbà yìí ń sáré ju ìgbì ilẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n àkókò ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ká ní ẹ̀rọ àkọ́kọ́ jìnnà sí ibẹ̀ ní 18 km, P á gba àáyá 3 kó tó débẹ̀. Ìṣirò á gba bíi 4, torí pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò tó gbà gbọ́. Kó tó dé fóònù á gba bíi 3. Àáyá 10 ti lọ. Láàárín àáyá 10 yẹn, S ti rin 35 km. Gbogbo ẹni tó bá wà nínú agbo 35 km yẹn, ilẹ̀ á ti mì í kí fóònù rẹ̀ tó dún.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú tiwa wọ̀n ọ́n. Ká sọ pé Abẹ́òkúta lẹ wà, kí ilẹ̀ sì là ní ìjìnlẹ̀ 10 km lábẹ́ àwọn ìlú wọ̀nyí. Ìṣirò lásán ni o. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ilẹ̀ máa là ní Ọ̀yọ́. Bí ẹyẹ ṣe ń fò la ṣe ka jíjìnnà wọn, kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe ń rìn.

| Ibi tí a ní ilẹ̀ ti là | Jíjìnnà | Ètò tó ní ẹ̀rọ káàkiri | Ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú ilé yín |
|---|---|---|---|
| Ìgbó-Ọrà | bíi 30 km | ìkìlọ̀ pẹ́. Ilẹ̀ ti mì | bíi àáyá 3 |
| Ṣàgámù | bíi 50 km | bíi àáyá 4 sí 5 | bíi àáyá 5 |
| Ọ̀yọ́ | bíi 100 km | bíi àáyá 19 | bíi àáyá 11 |
| Ìlọrin | bíi 200 km | bíi àáyá 47 | bíi àáyá 23 |

Ẹ̀rọ inú ilé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń gbọ́ P fúnra rẹ̀, a sì ka àáyá kan fún un láti pinnu. Ìdí nìyẹn tó fi borí nítòsí. Bí ilẹ̀ bá ti là níbi tó ju 50 km díẹ̀ lọ, ètò tó ní ẹ̀rọ káàkiri á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí òun ti gbọ́ ìró náà níbẹ̀ nígbà tí P ṣì ń bọ̀ lọ́nà ilé yín.

Ohun tó ń dunni nínú àtẹ yìí ni pé ibi tí ilẹ̀ ti ń mì jù ni àáyá ti kéré jù. Bí ìmìtìtì bá jẹ́ oníwọ̀n 5 tàbí 6 (ìwọ̀n yìí ń sọ bí ìmìtìtì fúnra rẹ̀ ṣe tóbi tó, kì í ṣe bí ilẹ̀ ṣe mì níbì kọ̀ọ̀kan), ẹni tó wà ní 200 km á rí àkókò tó pọ̀ gbà láti dúró de mímì tí kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ wo ti Accra ti ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939, èyí tó pààyàn tó sì wólé níbẹ̀. Accra jìnnà sí Abẹ́òkúta ní nǹkan bíi 425 km. Ká ní ètò ìkìlọ̀ wà nígbà náà, àwọn baba wa ní Ìbarà ìbá rí ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ, àwọn ará Accra tó nílò rẹ̀ kò sì ní í rí nǹkan kan tàbí kí wọ́n rí àáyá díẹ̀. Ìgbà tí ìkìlọ̀ ń wúlò jù lọ ni ìgbà tí ìlà tó là bá gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, tàbí tí ilẹ̀ abẹ́ ìlú bá rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mímì tó ti ọ̀nà jíjìn wá fi lè wólé níbẹ̀. Japan ni àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, Mexico ni ìkejì.

Japan: òun ló pé jù, síbẹ̀ ó fo Tokyo

JMA, àjọ tó ń mójú tó ojú ọjọ́ ní Japan, ṣí ètò tirẹ̀ fún gbogbo ará ìlú ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2007. Ẹ̀rọ tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ló ń gbọ́ ilẹ̀ fún un, títí kan àwọn tó wà nísàlẹ̀ òkun. Bí ìkìlọ̀ bá jáde, tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti fóònù ló ń dún pa pọ̀. Láti 0 dé 7 ni àwọn ará Japan fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe mì tó níbì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pín 5 sí kékeré àti ńlá. Bí ìṣirò bá fi hàn pé yóò dé 5 kékeré níbikíbi, gbogbo àgbègbè tó ṣeé ṣe kó dé 4 ni wọ́n ń kìlọ̀ fún. Láti oṣù Kejì ọdún 2023 ni wọ́n ti fi mímì onílọ̀ọ́ra kún un, irú èyí tó ń fi ilé alájà púpọ̀ fì bí ewé ọ̀pẹ.

Ìdánwò tó le jù tó tíì bá a ni ti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ìmìtìtì oníwọ̀n 9.0. Ìkìlọ̀ jáde ní àáyá 8.6 lẹ́yìn tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ gbọ́ P. Àwọn ará Sendai rí nǹkan bíi àáyá 15 kí S tó bá wọn. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rò pé ìmìtìtì náà kéré jìnnà sí bó ṣe tóbi, Tokyo kò sì sí lára àwọn tí wọ́n kìlọ̀ fún, bẹ́ẹ̀ Tokyo náà mì gan-an lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Ìlà tó là lábẹ́ òkun gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ kó tó là tán; ní àáyá kẹjọ, díẹ̀ ló ṣì là. Ẹni tó gbọ́ ìró ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ tó ń ya kò lè mọ ibi tí yíya náà máa dé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìṣòro mìíràn yọjú. Ilẹ̀ ń mì lójú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà sì ń so méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan ńlá, ó ń kìlọ̀ fún àwọn tí nǹkan kan kò ní ṣe. Wọ́n ṣe àtúnṣe ìyẹn lọ́dún 2016. Lọ́dún 2018 ni wọ́n fi ọgbọ́n mìíràn tó ń jẹ́ PLUM kún un. PLUM kì í béèrè bí ìmìtìtì ṣe tóbi tó. Ó kàn ń wo bí ilẹ̀ ṣe ń mì lọ́wọ́lọ́wọ́ níbi tí kò ju 30 km lọ sí yín, ó sì gbà pé ohun tó ń mi aládùúgbò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Àáyá tó ń fúnni kéré, ṣùgbọ́n ìmìtìtì ńlá kò lè fi bẹ́ẹ̀ tàn án jẹ. Lójú tiwa, èyí ni àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu jù nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí, torí ó fi àáyá díẹ̀ ra òtítọ́. Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe náà ni àṣìṣe ṣì ń wáyé: lọ́jọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2018, ilẹ̀ mì ní Ibaraki àti Toyama lákòókò kan náà, fóònù sì dún káàkiri àgbègbè Tokyo láìnídìí.

Kì í ṣe èèyàn nìkan ni ìkìlọ̀ Japan wà fún, apá yìí ló sì yẹ kí orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe àwòkọ rẹ̀ jù. Ọkọ̀ ojú irin Shinkansen ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tó ń gé iná kí bíréèkì lè mú. Ní 2011, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn tó gbé èrò ní àríwá ìlà-oòrùn tó yẹ̀ kúrò lójú irin. Ní 2004, èyí tó wà nítòsí ibi tí ilẹ̀ ti là ní Niigata yẹ̀ kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú nínú rẹ̀. Mítà gáàsì ilé náà máa ń ti ara rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mì dé 5. Ẹ̀rọ kì í sùn, kì í sì í wá bàtà kó tó ṣe ohun tó yẹ.

Mexico: gbohùngbohùn orí òpó, ìlú orí ẹrẹ̀

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ìmìtìtì oníwọ̀n 8.0 là létí òkun Pacific, níbi tó ju 300 km lọ sí olú ìlú Mexico, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nínú ìlú náà. Ìdí ni pé orí adágún tó ti gbẹ ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí. Ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń gba mímì díẹ̀, ó ń sọ ọ́ di púpọ̀. Àpáta líle ló wà lábẹ́ Abẹ́òkúta ní tiwa, kì í sọ mímì di ńlá bẹ́ẹ̀. Etí odò bíi Láfẹ́nwá, níbi tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ odò Ògùn ti nípọn, ló lè yàtọ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n to ẹ̀rọ sí etíkun Guerrero. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1991, ó sì di ti gbogbo ará ìlú lọ́dún 1993, èyí tó mú un ṣáájú ti Japan. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọ̀tá jìnnà: ìmìtìtì tó bá là létíkun ń fún olú ìlú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Gbohùngbohùn tó ju 12,000 lọ ló wà lórí òpó káàkiri ìlú, ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì sì ní rédíò tirẹ̀. Kò nílò dátà, kò nílò fóònù tó ní báńtírì. A fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Ìlú tí iná ń ṣe ségesège, irú ìkìlọ̀ tó ń dún láti òpó bẹ́ẹ̀ ló yẹ ẹ́ jù.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ló ṣàlàyé ètò yìí ju ìwé èyíkéyìí lọ. Lálẹ́ ọjọ́ 7, ìmìtìtì oníwọ̀n 8.2 là lójú òkun gúúsù. Olú ìlú rí ju ìṣẹ́jú kan lọ gbà, àwọn èèyàn ti jáde sí òpópónà kí ilẹ̀ tó mì. Lọ́jọ́ 19, ìmìtìtì oníwọ̀n 7.1 là lábẹ́ ilẹ̀ ní ìhà Puebla, nǹkan bíi 120 km péré, kì í sì í ṣe ìhà etíkun. Ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì nígbà tí gbohùngbohùn ń ké. Èèyàn tó ju 300 lọ ló kú. Gbohùngbohùn kan náà, ìlú kan náà, ọjọ́ méjìlá láàárín. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí ilẹ̀ ti là.

Àbùkù kan ni pé gbohùngbohùn kì í sọ bó ṣe máa le tó. Ohùn kan náà ló fi ń kìlọ̀ fún èyí tó ń wólé àti fún èyí tí ẹni tó jókòó kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Amẹ́ríkà: ilẹ̀kùn méjì sí ètò kan

ShakeAlert ni orúkọ ètò tí USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀, ń darí. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta péré ló ń kìlọ̀ fún: California láti oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Oregon láti oṣù Kẹta ọdún 2021, Washington láti oṣù Karùn-ún ọdún kan náà. Ọmọ yín tó wà ní Houston tàbí New York kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà dé fóònù. WEA, ìkìlọ̀ pàjáwìrì ti ìjọba, ń wá fúnra rẹ̀ láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ fóònù, bí ìwọ̀n bá tó 5.0 tí mímì níbi tẹ́ ẹ wà yóò sì tó 4 nínú ìwọ̀n mímì onípele méjìlá tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Áàpù MyShake, ti yunifásítì Berkeley, ń dún láti 4.5 àti mímì 3, ó sì sábà máa ń yá ju WEA lọ. Ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ẹ lo méjèèjì.

Ìdí tí ìwọ̀n fi sọ̀kalẹ̀ sí 4.5 yẹ ní mímọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ìmìtìtì oníwọ̀n 7.1 là ní Ridgecrest ní California. Los Angeles mì, ṣùgbọ́n áàpù tí ìlú náà ń lò nígbà náà kò sọ nǹkan kan, torí mímì tó máa dé ibẹ̀ kò tó ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. Ẹ̀rọ ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, inú èèyàn sì bàjẹ́. Ibí ni wàhálà gbogbo ètò ìkìlọ̀ wà. Bẹ́ ẹ bá ní kí ó máa dún fún mímì ńlá nìkan, kò ní dún títí yóò fi dájú, nígbà tó bá sì dájú, àkókò ti lọ. Bẹ́ ẹ bá ní kí ó máa dún fún kékeré náà, àáyá á pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó máa gbọ́ ariwo fún ohun tí kò ní dà yín láàmú. Lójú tiwa, ẹni tó ń gbé lórí ìlà tó ń là kí ó yan kékeré, kí ó sì fara da ariwo. Ṣùgbọ́n sùúrù náà níbi tó mọ: ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìdánrawò MyShake tí wọ́n ṣètò sí aago 10:19 òwúrọ̀ dún láago 3:19 òru nítorí àṣìṣe lórí aago. Ẹni tó bá yọ áàpù rẹ̀ kúrò lóru ọjọ́ náà ti pàdánù ju oorun lọ.

Ẹ má retí àkókò bíi ti Mexico ní California. Abẹ́ ìlú gan-an ni ìlà tó ń là gbà kọjá. Àáyá díẹ̀ lẹ máa sábà rí, ìgbà mìíràn òfo.

Google: fóònù yín fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ

Google kò ri nǹkan kan mọ́lẹ̀. Fóònù Android tí a gbé kalẹ̀, tí kò mira, tó ń gba iná, ni etí rẹ̀. Ohun kékeré inú fóònù tó ń mọ̀ bí a bá dà á sí ìbú náà ló ń gbọ́ P. Fóònù kan kò já mọ́ nǹkan. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́dọ̀ jábọ̀ láti àgbègbè kan náà kí sáfà Google tó gbà gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣe dáadáa nínú ìlú tí èrò pọ̀ sí, tó sì ń pẹ́ bí ilẹ̀ bá là lójú òkun tàbí ní oko tí fóònù kò sí.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020. Nínú àyẹ̀wò tí àwọn tó ṣe é tẹ̀ jáde ní 2025, tó kó ọdún 2021 dé oṣù Kẹta 2024 pọ̀, ó ti dé orílẹ̀-èdè 98. Ó kìlọ̀ fún aráyé nípa ìmìtìtì 1,279. Mẹ́ta péré ni kò rí bẹ́ẹ̀. Méjì nínú mẹ́ta yẹn jẹ́ ìjì àrá, ìkẹta sì jẹ́ ìfiránṣẹ́ kan tó mú ọ̀pọ̀ fóònù gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àwọn tó dáhùn ìbéèrè, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ilẹ̀ mì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdá 36 ló rí ìkìlọ̀ ṣáájú mímì, 28 rí i nígbà tí ó ń mì lọ́wọ́, 23 rí i lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rántí iye wọ̀nyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé fóònù máa jí yín kí ilẹ̀ tó mì.

Irú ìkìlọ̀ méjì ló ní. "Be Aware" jẹ́ fún mímì kékeré, ó ń wọlé bí ọ̀rọ̀ lásán, bí fóònù bá wà ní dídákẹ́, á dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. "Take Action" jẹ́ fún èyí tó le, ó ń gba ojú fóònù kan, ó sì ń ké bí fóònù tilẹ̀ dákẹ́.

Ìyàtọ̀ yẹn ló ṣe Turkey ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2023. Aago 4:17 òru ni, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.8. Ìṣirò Google kọ́kọ́ kà á sí 4.5. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn tó yẹ kó rí "Take Action", 469 ìkìlọ̀ péré ló jáde. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù rí "Be Aware", èyí tí kò lè jí ẹni tó sùn. Wọ́n ti tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n sì fi ìmìtìtì kan náà dán an wò: mílíọ̀nù 10 ni ìkìlọ̀ ńlá ìbá dé ọ̀dọ̀ wọn. Àtúnṣe náà dára. Àwọn tó kú lóru ọjọ́ náà ni kò bá a. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2025, ìkìlọ̀ dé fóònù ní São Paulo àti Rio nígbà tí ilẹ̀ kò mì rárá. Google pa ètò náà ní Brazil, ó sì tọrọ àforíjì.

Ṣé a lòdì sí i ni? Rárá. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì dé ibi tí ìjọba kò ní ètò kankan. Ṣùgbọ́n ètò àfikún ni, ẹ má fi ṣe òpómúléró. Ẹni tó ń lo iPhone kò sì sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ orí ògiri

Àwọn tó pọ̀ jù lórí ọjà jẹ́ ohun tó rọ̀ dirodiro nínú ike kékeré, tó ń kan wáyà nígbà tí ògiri bá mì, tí àláàmù fi ń dún. Wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín P, S àti ilẹ̀kùn tí ọmọdé fi agbára tì. Ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ti ń fi àdó fọ́ òkúta, tí tírélà sì ń kọjá, ẹ ó yọ báńtírì rẹ̀ kúrò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ má rà á.

Èyí tó dára ní kọ̀ǹpútà kékeré tó ń yẹ bí mímì náà ṣe rí wò kó tó dún. Ó wọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pípa gáàsì, dídá ẹ̀rọ agbéniròkè dúró àti ṣíṣí ilẹ̀kùn ilé panápaná. Ìpìlẹ̀ ilé ni ká dè é mọ́, nísàlẹ̀ pátápátá, ní igun tí òpó kọnkéré wà. Bí a bá gbé e sí àjà òkè, ilé fúnra rẹ̀ á sọ mímì di ńlá. Bí a bá gbé e sítòsí jẹnẹrétọ̀, fíríìjì tàbí pọ́ǹpù kànga, á máa gbọ́ wọn tọ̀sán tòru. Raspberry Shake, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń lò, jẹ́ nǹkan mìíràn: ó dára púpọ̀ láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì, ṣùgbọ́n kì í ṣe àláàmù.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Ẹni tó ń lọ sí Japan, ẹ lo fóònù tó ní síìmù ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba áàpù Safety tips, tí wọ́n ṣe fún àlejò ní onírúurú èdè. Ẹni tó ń lọ sí ìpínlẹ̀ mẹ́ta ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, WEA àti MyShake. Ní olú ìlú Mexico, kẹ́ ẹ tó san owó ilé, ẹ béèrè bóyá gbohùngbohùn ń dún dé yàrá, torí gíláàsì méjì àti ẹ̀rọ amúlétutù lè bò ó mọ́lẹ̀. Ní Istanbul, Android kí ó wà lọ́wọ́, kí bẹ́ẹ̀dì sì jìnnà sí fèrèsé àti kọ́bọ́ọ̀dù gíga. Ní Morocco, níbi tí ìmìtìtì oníwọ̀n 6.8 ti pa tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ilé alámọ̀ orí òkè tó sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti là kò bá ìkìlọ̀ èyíkéyìí pàdé lásìkò. Níbẹ̀, ilé lẹ ó yàn, kì í ṣe áàpù.

Lórí Android, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Safety & emergency, kẹ́ ẹ wá Earthquake alerts; bí ẹ kò bá rí i, ẹ wá a lábẹ́ Location. Ẹ tẹ àpẹẹrẹ ohùn tó wà níbẹ̀ kí etí yín lè mọ̀ ọ́n. Location gbọ́dọ̀ wà ní títàn, dátà tàbí Wi-Fi náà sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lóru. Ẹni tó bá ń pa dátà kó tó sùn ti pa ìkìlọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lórí iPhone ní Amẹ́ríkà, ẹ wọ Settings, Notifications, kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ níbi Government Alerts, kẹ́ ẹ tan Emergency Alerts. Bẹ́ ẹ bá ń lo MyShake, ẹ fún un láyè láti mọ ibi tẹ́ ẹ wà nígbà gbogbo. Bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní mọ ẹni tó yẹ kó kìlọ̀ fún.

Bó bá dún, ẹ wólẹ̀, ẹ wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bẹ́ ẹ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí bo orí àti ọrùn. Ẹ má sáré lórí àtẹ̀gùn, ẹ má wọ ẹ̀rọ agbéniròkè. Gáàsì tí ọwọ́ yín bá dé láìgbé ẹsẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ pa. Àáyá márùn-ún tó fún gbogbo ìyẹn bí ara bá ti mọ̀ ọ́n. Kò tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú.

Ní Abẹ́òkúta níbí ńkọ́? Ìmìtìtì tí a ń rí kéré, ó sì sábà máa ń wà nítòsí, inú agbo tí ìkìlọ̀ kì í bá ni a máa ń wà. Ìkìlọ̀ tí ará Láfẹ́nwá nílò jù ni ti omi, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, ìyẹn sì ń fúnni ní ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní ti ilẹ̀, ẹ ná owó ẹ̀rọ orí ògiri sórí ohun mẹ́ta: okùn irin tàbí bẹ́líìtì tí ẹ ó fi de sílíńdà gáàsì mọ́ ògiri kí ó má ṣubú lu ẹnu rẹ̀, èèkàn irin méjì tí ẹ ó fi kan kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mọ́ ògiri yàrá ọmọ, àti wẹ́dà tó máa wo òpó táǹkì omi yín, pàápàá ibi tí ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Táǹkì 2,000 lítà tó kún wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì, òun ló sì máa kọ́kọ́ wá sílẹ̀.